Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa télọ̀ sí káńsù wa: ẹ bi wá kí ẹ tó fi owó lé wa

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti gbogbo káńsẹ́lọ̀,

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Àwa télọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, tá a wà lábẹ́ yín nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ńbí la kúnlẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ mọ̀ wá dáadáa. Àwa la bo ìlú yìí láṣọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò wọn, kò sí agbádá kan níbẹ̀ tí kò gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá, ká sòótọ́, kò sí Ojúde Ọba láìsí télọ̀.

Ohun tó gbé wa wá nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn tó ń gbowó fún káńsù dé tàwọn tọlọ́pàá, wọ́n ní owó ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń san ní ₦6,000 lọ́dún ti di ₦24,000, pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní, pé ká san èyí tó kù lójú ẹsẹ̀. A ní kí wọ́n fi ìwé hàn wá, wọn ò fi hàn. A ní kí wọ́n jẹ́ ká pe alága ẹgbẹ́, wọ́n ní àwọn ò wá ṣèpàdé. Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti fi agádágodo ti ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ilẹ̀kùn wa bí ilé ọ̀daràn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Aṣọ oníbàárà wà nínú gbogbo ẹ̀ o. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, lẹ́ẹ̀sì ìyàwó tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì ló wà lórí máṣíìnì rẹ̀, wọ́n ti rán apá kan mọ́ ọn, apá kejì ṣì wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ gan-an nígbà tí wọ́n ní kó bọ́ síta. Ìyá yìí jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo agádágodo. Aṣọ àyálò nìyàwó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá yìí náà sì ni wọ́n bú, kì í ṣe ẹni tó tilẹ̀kùn. Àwọn rísíìtì rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì nílé, a bá a kà á, kò sí ọdún kan tó fò. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá wọ eegun.

Ẹ má gbọ́ ọ pé a ò fẹ́ sanwó. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1998 ka owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àwa náà jó, a ní owó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tá a mọlé wọn. A ò mọ̀ pé ọlọ́pàá la máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kó tó di pé owó kankan gòkè, tàbí tí ẹ fẹ́ dá tuntun sílẹ̀, ẹ pe àwọn tó máa san án sí gbọ̀ngàn ìlú, ẹ ṣírò ẹ̀ lójú wa, kí a dìbò sí i, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ẹ sì yọ apá kan sọ́tọ̀ nínú owó tó bá wọlé, kí àwa tá a san án fi ìbò sọ ohun tí ẹ máa fi ṣe.

Kì í ṣe àlá. Ní Glarus, nílẹ̀ Switzerland, lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, àwọn ará ìlú máa ń pé sójúde, wọn á na káàdì ìdìbò sókè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí iye tí owó orí máa jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 1992, ìjọba ò lè fi kún iye owó orí láìjẹ́ pé àwọn olùdìbò gbà, títí kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní Porto Alegre ní Brazil, ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àdúgbò jọ pé kí wọ́n fúnra wọn sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí owó ìlú ṣe. Kí lèyí tún fi jọ wá lójú? Láyé àwọn baba wa n'Íjẹ̀bú, kì í ṣe Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, nìkan ló ń dá ọ̀rọ̀ ìlú sọ, Pàmpá wà tó ń gbẹnu sọ fún mẹ̀kúnnù.

A mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé tẹ́ ẹ bá bi àwọn èèyàn, wọ́n á kọ̀ ni. Irọ́ ni. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn ará Switzerland fúnra wọn dìbò pé kí owó orí ọjà kúrò ní 7.7 kó di 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún, torí owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni. Àwa gan-an, ọ̀nà yẹn la fi ń ṣẹgbẹ́: nígbà tá a fẹ́ ra kánópì, owó ìpàdé gòkè, a nawọ́, ẹni mẹ́ta péré ló kọ̀, àwọn mẹ́ta náà sì san.

Gọ́tà iwájú ọjà ti dí, iná ò sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ò ṣeé wọ̀, ẹ bá wa wò ó.

Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá yìí ná, Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó káńsẹ́lọ̀ gan-an wà ní méjì nínú wọn. Àwọn onídìrí ti ń bi wá pé kí lẹ fẹ́ ṣe, àwọn aláṣọ náà ń bi wá. A ní kí wọ́n fara balẹ̀. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lọ jókòó láàfin lọ́dún 1947 torí owó orí, nígbà tí 1949 fi bẹ̀rẹ̀ Aláké ti kúrò lórí ìtẹ́. A ò gbàdúrà irú ẹ̀ fún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìdí tá a fi kọ́kọ́ mú bírò dípò ká bọ́ sí títì nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, gbogbo wa máa wà níwájú ọ́fíìsì yín fún èsì, pẹ̀lú rísíìtì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá tá a sọ yẹn máa gbé agolo tirẹ̀ wá.

Àwa ni tiyín,
Alága, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́