Òpó ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe páìpù omi o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá dáa, àmọ́ ibi tẹ́ẹ ti ní òpó ẹ̀jẹ̀ dà bíi páìpù tí ìdọ̀tí dí ni mi ò gbà, torí ohun táwọn tó ń ta àgbo "fọ òpó ẹ̀jẹ̀" nínú mọ́tò ń sọ náà nìyẹn.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí. Tí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa ọkàn, mo máa ń bẹ alápatà kó má gé òpó funfun ńlá yẹn kúrò lára ọkàn màlúù, wọ́n á wá ti ìka bọ inú ẹ̀, á máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ibi tó ń yọ̀ yẹn, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló tẹ́ ẹ, òun ló ń sọ fún iṣan tó yí òpó náà ká pé kó dẹ̀.

Robert Furchgott, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló rí i ní Brooklyn, l'Amẹ́ríkà. Òpó ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n ń lò, wọ́n máa ń là á gbọọrọ, tí wọ́n bá ti kán oògùn kan tó ń jẹ́ acetylcholine sí i, ńṣe ló ń sún kì. Lọ́dún 1978 wọ́n gé e bí òrùka, oògùn kan náà bá mú un dẹ̀! Àṣé nígbà tí wọ́n ń là á ni ọwọ́ ti ń ha inú ẹ̀ dànù. Ó wá mú èyí tí wọ́n ha, ó fi lé èyí tí wọn ò ha, inú kojú inú, èyí tí wọ́n ha náà bá dẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan ń ti ara ọ̀kan bọ́ sára ìkejì. Nitric oxide ni, gáàsì tí kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó pòórá. Òun àti Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1998.

Sìgá, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú, gbogbo wọn ló ń ba ìpele yìí jẹ́, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí náà sì rèé, abẹ́ ìpele yìí ló ń wọ̀ sí kì í ṣe orí ẹ̀, àgbo wo ló máa fọ̀ ọ́?

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn bàbá wa. Oògùn abẹ́ ahọ́n tí wọ́n ń lò fún àyà dídùn, gáàsì yìí náà ló ń di nínú ara, Viagra ní tiẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí gáàsì náà jẹ́ fún iṣan tètè tán, ẹni tó bá wá lo méjèèjì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì kó sì kú síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn gàdàgbà sójú ìwé ìlera yín.