Àkànní, fi iṣẹ́ wòlíì yẹn sílẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìbàdàn? Àlàáfíà la wà ní Òṣogbo, èjìká bàbá ẹ ti ń rọlẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo vóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́. Ìwọ ń rojọ́ mọ́tò àti aago wòlíì, ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí, ohun tó já mi láyà ni fọ́ọ̀mù tó ní kó o máa gbà lọ́wọ́ àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ ìyá wọn, àìsàn tó ń ṣe wọ́n, ẹni tó kú nílé wọn, tó o wá ń fi ṣọwọ́ sí fóònù ẹ̀ kó tó gun pẹpẹ. Ìran nìyẹn? Ìwọ lo wá di Ẹ̀mí Mímọ́ ẹ̀ o!

O ní iṣẹ́ mídíà lásán lò ń ṣe, ìwọ ò wàásù. Gèhásì ìránṣẹ́ Èlíṣà náà ò wàásù. Èlíṣà ti kọ ẹ̀bùn Náámánì, òun ló sáré tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn pé ọ̀gá òun ní kóun wá gba fàdákà àti aṣọ, o ṣáà mọ ẹni tí ẹ̀tẹ̀ Náámánì padà lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wòlíì yín ṣì ń lo ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Fíà níbí, mo máa ń gbọ́ ọ, ó máa ń bá àwọn tó ń jẹ owó òṣìṣẹ́ wí gan-an. Ìgbà tí olóṣèlú kan gbé jẹnẹrétọ̀ fún un ni mi ò gbọ́ ìyẹn mọ́, ó wá ku ọ̀tá ilé bàbá àti irúgbìn. Ohun tí oníwàásù ò sọ mọ́ ni kó o máa ṣọ́, mọ́tò kọ́. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nìkan o, àwọn aáfà kan wà tó jẹ́ hàǹtú àwọn ọmọ yahoo ni wọ́n ń kọ, wọn ò lè sọ̀rọ̀ olè ní wáàsí mọ́ láé.

Ní 1930 tí Àpọ́sítélì Babalọlá ń gbàdúrà sí omi ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, ìyá ìyá mi gbé ìkòkò ẹ̀ lọ, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun ní kọ́bọ̀. Omi tiyín, fọ́tò wòlíì ló wà lára ike ẹ̀, ẹ̀ ń ta kékeré ní 2,000 náírà, ńlá ní 5,000, àbí irọ́ ni mo pa?

Owó ilé tó ò ń tìtorí ẹ̀ lọ́ra yẹn, sọ iye tó jẹ́, èmi ló kàn láti kó àjọ lóṣù yìí. Má bá a jà, má sì lọ kọ ọ́ sórí Facebook. Ṣùgbọ́n kó o tó dá kọ̀ǹpútà wọn padà, pa gbogbo orúkọ àwọn èèyàn yẹn rẹ́ níbẹ̀, títí kan ti obìnrin tó o ní ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yẹn.

Èmi ìyá ẹ.