Ọmọ Ìbàdàn Fẹ́ Lọ Sókun

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Rónkẹ́ mi,

Kú òtútù ibẹ̀ o. Bàbá Dárà ńkọ́? Dárà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wù mí kí n pè ọ́ lórí Wáásàpù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí gùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa kò lè gbé e, etí sì pọ̀ nínú ilé yìí. Ni mo ṣe mú bírò.

Tọ́pẹ́ ni. Àrùn tó mú ọ nígbà tí a wà nílé-ìwé ní Queens ló ti mú ọmọ mi báyìí. Bàbá Káyọ̀ ti wo ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Mọ́níyà, wọ́n ti bá àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ẹja sọ̀rọ̀, pé bí ọmọ bá ti parí Zoology ní UI, kó máa sin ẹja àrọ̀. Ọmọ parí tán, ó ní òun ò sin ẹja kankan. Ó ní ohun tí ẹja ń jẹ lòun fẹ́ mọ̀. Zooplankton, àwọn ẹranko kéékèèké tó ń léfòó kiri nínú omi! Ti inú òkun pàápàá. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tí omi tó mọ̀ kò ju Ògùnpa àti kànga ilé wa lọ.

Lóṣù tó kọjá, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ fa àwọ̀n lórí ọ̀sà l'Ékòó. Ó gbé ìgò omi kan bọ̀, ó tì í bọ inú firíìjì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì. Bàbá Káyọ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n, iná ò sí, wọ́n na ọwọ́ mú ohun tó bá ọwọ́. Wọ́n ti ṣí ìdérí ìgò tán kí Tọ́pẹ́ tó ké láti pálọ̀, "Dádì, ẹ má mu ún, ẹ̀mí wà nínú ẹ̀!" Láti ọjọ́ náà, wọn ò mu omi nílé yìí mọ́ àyàfi tó bá jẹ́ inú ọ̀rá ni.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti yá maikirosíkóòpù àlòkù kan, ó ní kí n wá wo ohun tí Dádì fẹ́ mu. Mo fojú sí i. Rónkẹ́, ohun náà ń dán, ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé mo ń rí ìfun rẹ̀ láti ìta. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ó pọ́n, àárín orí gan-an ló wà. Ìwo méjì nà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó dúró jẹ́jẹ́, mo ní kò lè ṣe nǹkan kan. Àfi bó ṣe ta pọ́ún! Mo fò sẹ́yìn, gèlè mi ré bọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní copepod ni wọ́n ń pè é, ó sì ní mọ̀lẹ́bí èyí tí ìwọ ń kà ní Bergen, ní Norway, ni. Calanus finmarchicus, àbí bí wọ́n ṣe ń pè é, tí kò ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ó ní òun ni ẹja Titus ń jẹ sanra lókun Norway kí wọ́n tó dì í ní yìnyín wá fún wa ní Bódìjà. Ó ní lóru ni ọ̀pọ̀ wọn ń gòkè wá jẹun, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á wọ ìsàlẹ̀ lọ kí ẹja má baà rí wọn. Tó bá sì di ìgbà òtútù, Calanus yìí á sọ̀ kalẹ̀ sínú ibú, ó lè ju mítà 500 lọ, á sùn síbẹ̀ títí oúnjẹ á fi tún yọ lókè. Mo ní ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní January tí owó ilé-ìwé bá dé.

Kí n má gbàgbé: Káyọ̀ ti ríṣẹ́ l'Ábújá, Fúnkẹ́ bí ìbejì, òrùlé ilé bàbá rẹ ń jò níbi yàrá ẹ̀yìn ṣùgbọ́n mo ti rán kápẹ́ńtà lọ, má dààmú.

Ó di alẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹun, Tọ́pẹ́ tú ìtàn sílẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Mary Sears, wọ́n bí i ní 1905, ó gba oyè dókítà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe ní 1933, zooplankton sì niṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí òkun Woods Hole. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin bá ọkọ̀ ìwádìí wọn lọ sójú òkun nígbà náà. Ohun tí àwọn ọkùnrin bá fà wálé ló ń jókòó tì. Ìgbà tí ogun Hítílà le, ní 1943, òun ni wọ́n wá fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣe ìmọ̀ òkun fún ológun ojú omi wọn. Ogun parí, ó wá kó sí iṣẹ́ tí kò hàn sójú ayé: ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Deep-Sea Research, ìwé àtìgbàdégbà lórí ìwádìí òkun, ní 1953, ó ń tún ìwé oníwèé ṣe, ní 1959, òun ló ṣe kòkárí ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìmọ̀ òkun, ní ilé Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ní New York. Ó kú ní 1997. Ní 2000, wọ́n sọ ọkọ̀ ìwádìí ológun kan sómi, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọkọ̀!

Bàbá Káyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n nu ẹnu. Wọ́n ní, "Ṣé ó lọ́kọ?"

Mo sáré lọ bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀.

Wọ́n ò tíì ṣe tán o. Wọ́n ní ìwọ náà ńkọ́, ta ló ń san owó gbogbo ìwé tí o ń yẹ̀ wò lóru fún àwọn ọmọ Accra àti Èkó? Èmi ò fèsì, torí mo ti bi ọ́ rí, ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn. Tọ́pẹ́ ló fèsì. Ó ní ẹni tó kọ́ òun lórí Zoom bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ karùn-ún copepod wò kí wọ́n tó mọ irú èyí tó jẹ́, Àǹtí Rónkẹ́ ni, kò sì gba kọ́bọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ì bá ṣì máa méfò. Bàbá rẹ̀ dìde nídìí tábìlì. Láti ìgbà náà, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn.

Rónkẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ. Ìwọ mọ ohun tí omíyalé Ògùnpa gbà lọ́wọ́ wọn ní 1980. Títí di òní, bí òjò bá ti ń rọ̀ tí kò dá, wọ́n á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ dúró sójú fèrèsé, wọ́n á máa tan tọ́ọ̀ṣì sí gọ́tà. Ọ̀dọ̀ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni Tọ́pẹ́ ti wá ń ròyìn ọkọ̀ ìwádìí òkun tí wọ́n ń pè ní Dr Fridtjof Nansen, pé ó máa ń wá sí etíkun ọ̀dọ̀ wa, pé ó ń gbé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Áfíríkà, pé lọ́jọ́ kan òun náà á wọ̀ ọ́. Orí òkun, lóru, pẹ̀lú àwọ̀n! Èmi náà kì í sùn dáadáa mọ́.

Mi ò wá ilé fún un lọ́dọ̀ rẹ o. A ti gbọ́ pé láti 2023 ni yunifásítì ọ̀dọ̀ yín ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Accra tàbí Èkó ló ń wò. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o pe Bàbá Káyọ̀. Nọ́ńbà tiwọn ni kó o pè, má pe tèmi, lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn ìròyìn. Má sọ̀rọ̀ Mary Sears rárá. Sọ fún wọn nípa ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, irú ọjọ́ tí ọ̀gá ọkọ̀ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bọ́ sí gbangba, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé gbogbo èèyàn pé. Sọ ìgbà tí ẹ̀rù ba ìwọ náà, torí wọ́n á mọ̀ bí o bá ń pọ́n ọn fún wọn. Bó bá sì jẹ́ pé lójú tìrẹ kò yẹ kí ọmọ yìí dá a láṣà, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, má tíì sọ fún un.

Mo ń gbọ́ géètì, wọ́n ti dé. Kí Bàbá Dárà fún mi.

Èmi ni,
Bùnmi

Tọ́pẹ́ ní kí n bi ọ́ bóyá ọ̀nà wà láti fi tọ́jú àwọn nǹkan yẹn láàyè láìlo firíìjì. Mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ firíìjì mi ni, jọ̀ọ́ tètè dáhùn.