Lẹ́tà sí Bàṣírátù nítorí ìyàwó Kàmọ́rù

Àjàṣẹ́, ọjọ́bọ̀

Bàṣírà ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Lyon ńkọ́? Níbí, ooru ló ń lé wa sùn sí ìta. Ọ̀nà Wàǹdó ṣì ń dí bí o ṣe fi í sílẹ̀. Sàká ti gbé ìyàwó kẹta. Má bi mí ní ohunkóhun, mo lọ, mo jẹ ìrẹsì, mo gba ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó Kàmọ́rù ló mú mi kọ̀wé. Láti ìgbà tí ọmọ tó bí pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ya ti padà sọ́run, Màámi kò yé sọ pé ọ̀já ló fà á. Wọ́n ní ó ń di ìró mọ́kùn jù, ó ń gbé bàsíà omi, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ọmọ ti ya. Inú yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà Àjàrá báyìí, wọ́n sì ti ń wo ọmọ kan fún Kàmọ́rù, "ẹni tó mọ oyún gbé." Kàmọ́rù kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. O ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ni mo bá tún lẹ́tà rẹ tó ṣáájú gbé jáde, èyí tí o fi ṣàlàyé bí ọlẹ̀ inú ẹyin eṣinṣin ṣe ń di ara. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín: gbogbo ìwé tí a kà, kí ènìyàn wá jókòó ti ẹyin eṣinṣin! Lálẹ́ àná, iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ń kà á lọ. Ohun tó dá mi dúró ni pé fífà kì í ṣe ọ̀tá ọlẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ló ń fà. Bí wọn kò bá fà, pẹlẹbẹ náà ni wọn yóò wà, kò ní sí ikùn, kò ní sí ẹ̀yìn. O ní bí ẹyin eṣinṣin bá ti tó bíi wákàtí 3, àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ ikùn á fún ẹnu wọn pọ̀, actin àti myosin, àwọn èròjà purotéènì tó ń fa nǹkan nínú sẹ́ẹ̀lì, á máa fà á, ìlà kan á sì rì wọ inú láàárín bíi ìṣẹ́jú 15. Kò sì ní ya!

Èyí tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì ni ti cadherin, purotéènì tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ aládùúgbò rẹ̀, tí kò lè di nǹkan mú bí kò bá sí kálísíọ́ọ̀mù. Bí fífà bá le, purotéènì mìíràn nínú ìdìmú náà, alpha-catenin, á là, òmíràn tó ń jẹ́ vinculin á wá dì mọ́ ọn, ìdìmú á wá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn apẹja Sẹ̀mẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn: bí àwọ̀n bá ṣe ń wúwo tó ni àwọn tó wà létí òkun ṣe ń sáré wá di okùn mú. Ibi tí fífà bá sì ti pọ̀, sẹ́ẹ̀lì mìíràn á pín sí méjì sí apá ibi tí wọ́n ń fà á sí, ara á sì dẹ̀ díẹ̀.

Mo ti fi ẹyin adìyẹ han àwọn ọmọ kíláàsì mi rí, èyí tó ti wà lábẹ́ àgbébọ̀ fún ọjọ́ 3. Mo bó orí èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ pupa, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó ń mì, òwú ẹ̀jẹ̀ yí i ká. Ọmọkùnrin kan ní, "Màdáàmù, ta ló ń tì í?"

Bàṣírà, ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn náà, pẹlẹbẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Etí pẹlẹbẹ náà méjèèjì á gbéra, wọn á pàdé, wọn á lẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ti pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró. Ọlẹ̀ kò tíì gùn tó wóró ìrẹsì nígbà náà. Ọ̀já wo ló máa rí i? Ṣé o rántí ìgbéyàwó Múnírà? Gbogbo wa la jọ jó. Oyún ti wà nínú ìyàwó Kàmọ́rù nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ó tún fẹ́ lóyún. Ó sọ fún mi ní ìdáná, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Mo mú un lọ bá agbẹ̀bí kan, ó ní ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ fólíìkì ásíìdì kí oyún tó dé: mílígíráàmù 4 lójúmọ́, ìlọ́po 10 ohun tí àwọn yòókù ń lò, kí dókítà sì kọ ọ́ fún un. Mo wá a wò. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 1991 fi hàn pé ó dín kí ẹ̀yìn ọmọ tún ya kù tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dí o, mo ti sọ ìyẹn náà fún un.

Oògùn wà níbí, kò wọ́n, nítorí náà oògùn kọ́ ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Màámi ni kí o pè. Lójú wọn, èmi ni ọmọ tí wọ́n wẹ̀ nínú bàsíà, kí ni mo mọ̀? Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ láti ilẹ̀ Faransé, wọn á dìde jókòó. Pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí wọ́n tó bọ́ sọ́jà lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Sọ fún wọn pé ìyàwó Kàmọ́rù kò ba nǹkan kan jẹ́, kí wọ́n fi ọmọ yẹn tí wọ́n ń wò sílẹ̀. Fóònù mi ni kí o pè, tiwọn ti bọ́ sínú kànga.

Jọ̀ọ́, adìyẹ ni kí o fi ṣe àpẹẹrẹ. Má dárúkọ eṣinṣin fún wọn o, wọn á gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, wọn á máa ṣàdúà fún ọ ni.

Èmi ni tìrẹ,
Ràfíátù