Ẹni tó ra mọ́tò ló ni bátìrì inú ẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́tò oníná yìí ń dùn mí gan-an ni. Ní 2016, Tesla, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe mọ́tò oníná, ta mọ́tò Model S kan tí wọ́n pè ní 60, ìyẹn 60 kWh (kWh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà), bẹ́ẹ̀ bátìrì 75 kWh ló wà nínú ẹ̀, sọ́fítíwíà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ni wọ́n fi ti ìyókù pa, tó o bá fẹ́ lò ó àfi kó o tún sanwó. Ìgbà tí ìjì Irma ń bọ̀ ní Florida ní 2017 táwọn èèyàn ń sá àsálà, wọ́n ṣí i fún wọn láti òkèèrè fúngbà díẹ̀. Wọ́n ṣeun, àmọ́ ṣé ẹ rí i pé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, tí onímọ́tò ń gbé e kiri!

Tí mo bá ra àpò gàrí kan l'Ókè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá tó tà á fún mi ò lè fi okùn so ìsàlẹ̀ àpò pa kó wá ní kí n mú owó míì wá kí n tó bù ú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tòkunbọ̀, torí òun náà la máa rà nígbẹ̀yìn. Mẹkáníìkì mi ní Ṣàgámù, tó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì báyìí ó ti mọ̀ pé plọ́ọ̀gì ni, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi sípánà tú níbi tí wọ́n ti fi sọ́fítíwíà tì í? Kí ìjọba pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ta mọ́tò gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n tì pa nínú ẹ̀ sínú rìsíìtì, ká tó sanwó.

Èmi ni tiyín, láti Ìjẹ̀bú-Òde.