Ó Yẹ Kí Ooru Inú Ilé Hàn Nínú Iye Owó Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, tí àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà kéde pé àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná yẹ kó máa wà fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, yóò máa san 225 náírà lórí yúnìtì kan dípò 68 náírà, ọ̀rọ̀ tuntun ti wọ ẹnu àwọn tó ń bá ni wá ilé ní Èkó àti Ìbàdàn. Bí àjẹ́ńtì bá ti ka iye yàrá àti ilé ìwẹ̀ tán, ohun tó kàn ni pé Band A ni àdúgbò náà, yóò sì fi owó lé e. Iṣẹ́ dídíyelé ilé àti ilẹ̀ ni mo ń ṣe, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti sọ ìdí tí mo fi gbà pé ohun tí kì í ṣe ti ilé ni a ń sanwó lé lórí, tí a sì ń pa èyí tó jẹ́ ti ilé gan-an tì.

N kò jiyàn pé iná tó ń dúró níye lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra epo bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023 mọ̀ pé ilé tí iná ń wà fún ogún wákàtí lójúmọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé tí iná ń yọjú sí fún wákàtí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Band A kì í ṣe ti ilé, kì í sì í ṣe ti onílé. Ti wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ń pè ní fídà, ìkáwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ló sì wà. Àṣẹ tí àjọ NERC pa ní ọdún 2024 ni pé bí ilé iṣẹ́ náà kò bá lè pèsè iye wákàtí tó ṣèlérí fún ọjọ́ méje léraléra, kí ó mú fídà náà wálẹ̀ sí ìpele tó bá iná tó ń wá mu. Ìyẹn ni pé ohun tí onílé fi gbé owó ilé sókè lè lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ayálégbé ti san owó ọdún kan sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò dá kọ́bọ̀ padà fún un.

Ohun tí kì í kúrò lára ilé ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń kọlù tààrà, nítorí náà ilé tí wọ́n bá nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, tí fèrèsé ńláńlá rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kì í gbóná tó èyí tí wọ́n kọ́ ní ìdàkejì. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkun fẹ́ wá fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ọ̀fẹ́ ni, bí yàrá bá sì ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjì, yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Lẹ́kí, ní Akọ́bọ̀ àti ní Mọ́wé. Fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdajì rẹ̀ péré lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ti gba ipò lúfà tí afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ojú rẹ̀ wọlé. Wọ́n ń fi ògiri pa òrùlé mọ́ kí ó má bàa hàn láti ìta, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ojú ayé ń fẹ́ báyìí, kò wá sí òrùlé tó yọ síta tí yóò ṣíji bo fèrèsé mọ́. Páànù wà lókè, àjà oníke tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohunkóhun láàrin méjèèjì tí yóò dá ooru dúró. Ẹni tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò rò pé inú ààrò lòun wà.

Ó ń dùn mí, nítorí kì í ṣe ohun tí a kò mọ̀ rí ni. Àwọn baba wa tó kọ́ agbo ilé fi amọ̀ tó nípọn mọ ògiri, wọ́n jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa, wọ́n sì fi àgbàlá sí àárín kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, àwọn ilé gbọọrọ tí kò fẹ̀ ni wọ́n kọ́, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde, wọ́n sì fi ògiri oníhò bo ojú ilé ìkàwé tó ń jẹ́ orúkọ Kenneth Dike lónìí. Àwọn ilé wọ̀nyí ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan jẹ yúnìtì márùn-ún láti alẹ́ di òwúrọ̀, tí yúnìtì kan sì jẹ́ 209 náírà àti 50 kọ́bọ̀, iye tí owó Band A dé lẹ́yìn àtúnṣe oṣù keje ọdún 2024. Owó oru kan lé ní 1,000 náírà, ti oṣù kan sì lé ní 31,000 náírà. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí kò ṣeé sùn láìsí ẹ̀rọ yìí nínú yàrá kọ̀ọ̀kan yóò gba nǹkan bíi 94,000 náírà lọ́wọ́ ayálégbé lóṣù, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún bí ooru kò bá jẹ́ kó lè pa ẹ̀rọ náà. Oorun nìkan nìyẹn, a kò tíì ka fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Owó ilé kejì ni, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe onílé ló ń gbà á.

Ìdí tí ọjà kò fi rí i kò fara sin. Ẹni tó ń kọ́lé kọ́ ni yóò san owó iná, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé e láti náwó sórí òrùlé tó dára tàbí láti fi àyè sílẹ̀ láàrin ilé àti ògiri àgbàlá. Bí adíyelé bá wá dé, yóò wo iye tí wọ́n ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, tàbí kí ó fi owó tí ilé ń pa wọlé lọ́dún ṣe ìṣirò, kò sì sí ibi tí owó iná ti hàn nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì. Ilé tó tutù àti ilé tó ń jó ni a máa ń kọ iye kan náà fún bí yàrá wọn bá dọ́gba. Níbi tí owó iná bá ti wà lójú ìwé, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba ọ́fíìsì ní Ìkòyí máa ń ro owó iná àti ìtọ́jú ilé pọ̀ mọ́ owó ilé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, ó sì wà lára ohun tó mú kí àwọn tó kọ́ Heritage Place níbẹ̀ ṣe é dé ibi tó fi gba ìwé ẹ̀rí LEED, tí wọ́n ń fún ilé tó ń ṣọ́ iná àti omi lò. Àwọn ará wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ̀ pé ilé tí wọ́n bá fẹ́ tà tàbí tí wọ́n fẹ́ fi háyà gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń sọ bó ṣe ń lo iná, láti A títí dé G, àti pé láti oṣù kẹrin ọdún 2018, onílé kò lè gba ayálégbé tuntun sínú ilé tó bá rẹlẹ̀ ju E lọ, àfi èyí tí òfin bá yọ sílẹ̀.

Ìlànà kò jìnnà sí àwa náà. Ní ọdún 2017, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ mínísítà fún iná, iṣẹ́ àti ilé gbígbé, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ìlànà jáde lórí bí ilé ṣe lè máa fi iná díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí àwòrán ilé wà, bí wọn kò bá sì gbé ìlànà náà wọ inú òfin tiwọn, ìwé lásán ni. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ní Ọ̀yọ́, Ògùn, Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ wa yòókù ni pé kí wọ́n béèrè ibi tí fèrèsé kọjú sí àti ohun tó wà lábẹ́ páànù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ibi tí ṣáláńgá wà.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń dáwó ra tiransífọ́mà, òpó àti wáyà, ayálégbé sì ń dá nínú rẹ̀ pẹ̀lú onílé. Bí iná bá wá dúró tán, ayálégbé tó dáwó yẹn kan náà ni wọ́n ń fi owó ilé kún fún, pé àdúgbò ti dára sí i. Òfin ìyálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé bí ayálégbé bá tún ilé ṣe pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó ti kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ onílé, tí onílé sì ní kó kó jáde, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí gbà-máà-bínú lórí ohun tó ṣe. Tiransífọ́mà ìta kò sí nínú ilé, ayálégbé kò sì lè gbé e lọ. Ó yẹ kí òfin mìíràn wà tí yóò ní kí onílé yọ irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú owó ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, lè ṣe ìrànwọ́ kan. Nígbà tí ẹ bá ń gba ìpolówó ilé, ẹ máa béèrè iye tí ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn rà sórí mítà lóṣù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ owó ilé. Mítà tí à ń fi káàdì sanwó sí ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé báyìí, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Adíyelé ilé àti ilẹ̀ kan,
Ìbàdàn.