Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ máa bá wọn polówó ọṣẹ

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú èéfín. Mo gbọ́ gbogbo vocal, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ohùn sọ lórí WhatsApp, tí ẹ fi ránṣẹ́, títí kan èyí tí ẹ ti ń bá Kẹ́hìndé wí láàárín ọ̀rọ̀ pé kó má jẹ́ kí ọṣẹ hó dànù. Mo ní kí n kọ èsì mi síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, torí àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí kan náà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí kò níye. Ẹ má bínú. N kò ní dárúkọ ọmọkùnrin náà.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: ọmọ náà ní kí ẹ máa san 60 000 sẹfà lóṣooṣù. Òun á gba Facebook, Instagram àti WhatsApp yín sọ́wọ́, á máa gbé nǹkan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, á máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, kí ẹ̀yin lè ráyè jókòó ti ìkòkò yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ yín. Á dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó ń fi ọwọ́ kan ro ọṣẹ, tó ń fi ìkejì tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé díẹ̀ fún un nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ má gbé gbogbo rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì kan WhatsApp yín rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba wa là sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 52 000 ni. Ohun tí ọmọ yìí ń bèèrè ju owó oṣù odindi òṣìṣẹ́ kan lọ. N kò torí ìyẹn pè é ní jìbìtì o. Ẹni tó mọ fídíò gé, tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ìpolówó sórí Facebook, ó mọ iṣẹ́, iṣẹ́ sì lówó. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé tí ẹ bá yọ owó àdín, owó igi, owó ọ̀rá àti owó ẹni tó ń bá yín gbọn eérú, 150 sẹfà ló ń ṣẹ́kù lórí ọṣẹ kan. Ẹ fi 150 pín 60 000. Ọṣẹ 400 nìyẹn. Ìyẹn ni pé ọṣẹ 400 gbọ́dọ̀ tà lé èyí tí ẹ ń tà tẹ́lẹ̀ lóṣù kan, kí owó ọmọ náà nìkan tó jáde, kí ẹ̀yin tó wá jẹ èrè. Ìkòkò yín kan ń bí nǹkan bí 120. Ẹ ó nílò ìkòkò mẹ́ta àti díẹ̀ sí i. Ta ni yóò rò ó? Kẹ́hìndé tó ń sá fún èéfín ni?

Ibi tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń ta ìpolówó kì í bi èèyàn pé ọjà mélòó ló lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ mo ti jókòó tì yín nídìí iná. Mo rí i bí omi eérú ṣe ń kán tó-tó-tó láti inú ajere láti alẹ́ mọ́jú, bí ẹ ṣe ń fi ahọ́n kàn án kí ẹ tó gbà pé ó kan tó. Mo rí i bí ìfófò ṣe ń gun ìkòkò títí dé etí, tí ẹ ó fi orógùn tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí á tún gòkè, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi wálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí á dì, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ orógùn. Kò sí ohun tí ọmọ Kútọnú kan lè kọ sórí Facebook tó lè mú kí ìyẹn yá kánkán. Tí ìpolówó bá wá ṣiṣẹ́ dáadáa ńkọ́? Ẹni tó ti fi MoMo, owó orí fóònù, sanwó, tí ẹ sọ fún pé kó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, abẹ́ àwòrán ọṣẹ yín gan-an ló máa lọ kọ èébú rẹ̀ sí.

Ẹ wá wo ibi tí ọṣẹ yín ti ń tà ná. Kì í ṣe orí Facebook. Facebook ni wọ́n ti ń rí i, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń rà á, ohùn yín ni wọ́n sì ń bá rà á. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lálẹ́ ọjọ́ kan tí obìnrin kan fi vocal ránṣẹ́ láti Pọ̀bẹ̀ pé ara ọmọ òun ń sú. Ẹ kò tíì sọ iye tí ẹ ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọmọ oṣù mélòó ni, kí ló ń fi wẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣé ooru ni àbí nǹkan mìíràn. Ẹ sọ fún un pé ọṣẹ tiyín kì í ṣe oògùn, kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n wò ó, tó bá wá ku ọ̀rọ̀ ìwẹ̀, èyí tó rọ̀ ni kó mú, kó pò ó mọ́mi dáadáa, kó má jẹ́ kó kan ojú ọmọ. Ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tó padà, fún ara rẹ̀, fún ìyá rẹ̀ àti fún ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ló rà á. Ẹlòmíràn á bá yín sọ Gùn, ẹlòmíràn Faransé, àwọn ará ilé wa á bá yín sọ èdè Kétu, ẹ ó sì fi ohun tí wọ́n bá bá yín sọ dá wọn lóhùn. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ sọ fún wọn? «Bonjour chère cliente, merci de nous avoir contactés.» Wọ́n á rò pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan wà ní Ouando níbí tó ń ta òrí. Ó gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan kó máa bá a ṣe é. Kò gbọ́ Faransé púpọ̀, kò sì ń ka ohun tí wọ́n ń kọ. Ọjọ́ tí oníbàárà kan gbé ojú tó wú wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ló tó mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ síta pé òrí òun ń bó àwọ̀, ó ń pa làpálàpá, ó ń wo ẹ̀gbo tó ti pẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, etí tirẹ̀ kò gbọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò sí nítòsí láti jẹ́jọ́. Òun tó ní ìsọ̀ ló dúró níwájú èrò. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ sọ fún ẹni yòówù kó bá yín ṣiṣẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ, kó kà á fún yín lórí vocal kó tó jáde. Tó bá ní ìyẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àní, ọ̀rọ̀ àwòrán náà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń fi àwòrán ọmọ wọn ránṣẹ́ sí yín nítorí pé ẹ̀yin ni. Tí ẹlòmíràn bá wà nínú WhatsApp yín, ó ń wo ìhòòhò ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Òfin wa lórí ìlò ẹ̀rọ ayélujára, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2018, kò fi ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn ṣeré rárá.

Kọ́kọ́rọ́ ilé ló kàn. Ó wọ́pọ̀ kí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún fi àkáǹtì tirẹ̀ ṣí ojú ìwé Facebook fún ọlọ́jà. Bí wọ́n bá jọ ń rẹ́rìn-ín, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, á gbé ojú ìwé lọ tòun ti èrò tó wà níbẹ̀, á pààrọ̀ nọ́ńbà, ó parí. Àkáǹtì yín ni kí ẹ fi ṣí i, kí Táyé jẹ́ igbákejì tó ní «contrôle total», kí ọmọ náà gba àyè láti gbé nǹkan jáde àti láti to ìpolówó nìkan. Àyè ìyẹn wà lórí Facebook, Táyé mọ̀ ọ́n. Ní ti WhatsApp, ẹ fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ ó yàn fúnra yín («vérification en deux étapes») tì í, kí ẹ má sì ka kóòdù kankan tó bá wọlé sórí fóònù yín fún ẹ̀dá alààyè.

Ó kù, wọ́n ti ń sọ fún yín pé j'aime («like») á pọ̀. Ẹ jẹ́ kó pọ̀ tàbí kó má pọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni Facebook ti kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ lòun á kọ́kọ́ máa gbé síwájú èèyàn, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà á tẹ̀lé e. Nítorí náà ẹni tó tẹ j'aime lórí ojú ìwé yín lè má rí ọṣẹ yín fún oṣù mẹ́fà, àyàfi tí ẹ bá sanwó kí wọ́n fi hàn án. Owó ìyẹn, Facebook ló ń gbà á, kì í ṣe ọmọ náà. Ẹ bi í dáadáa: ṣé ó wà nínú 60 000 yẹn ni, àbí ó tún wà lọ́tọ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọ̀tọ̀ ni. Tó bá sì ṣèlérí ẹgbẹ̀rún j'aime láàárín ọjọ́ díẹ̀, rírà ló fẹ́ lọ rà á, lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Kétu rí láyé wọn, tí takisí kankan kò sì lè bá yín gbé ọṣẹ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí màá gbé fún un rèé. Kó wá sí Kétu fún ọjọ́ kan, kó ya àwòrán àti fídíò: eérú, àdín, orógùn, ọwọ́ yín tó ń mọ ọṣẹ rogodo. Kó gé e sí kékeré-kékeré tó pọ̀ tó tí Táyé á lè máa gbé jáde títí di ọdún tuntun. Ẹ san owó ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kó tán. Tí oṣù kọkànlá bá wọlé, tí àwọn èèyàn ń wá nǹkan tí wọ́n á fi ta ara wọn lọ́rẹ, kó bá yín to ìpolówó fún Kútọnú, Calavi àti Àjàṣẹ́ nìkan, fún oṣù méjì, kí ẹ fi ẹnu kò lórí iye tí Facebook á gbà àti iye tí òun á gbà. Kí Táyé máa bi gbogbo oníbàárà tuntun pé, «Ta ló júwe wa fún yín?», kó sì máa fi bírò kọ ọ́. Ìwé yẹn ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá kó padà wá.

Ìwé náà wúlò fún nǹkan mìíràn. Ẹ rántí ọdún 2018, nígbà tí ìjọba fi owó orí sẹfà márùn-ún lé mégà kan lórí Facebook àti WhatsApp, tí ariwo gba ìlú kí wọ́n tó fagi lé e nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ rántí ọjọ́ ìdìbò 28 oṣù kẹrin ọdún 2019 tí wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ńkọ́, tí Facebook, Instagram àti WhatsApp jọ dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà jákèjádò ayé? Ẹni tó ní nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé ń pè wọ́n lọ ní tirẹ̀.

Kí ẹ tó fi sẹfà kan ṣe ìpolówó ṣá, ẹ bá mi wo bébà tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ọṣẹ. Nọ́ńbà oní-mẹ́jọ ló ṣì wà lórí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn! Láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni 01 ti wọ iwájú gbogbo nọ́ńbà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ra ọṣẹ yín lọ́wọ́ alátùntà ní Sakété, tó fẹ́ràn rẹ̀, tó fẹ́ pè yín, kò lè rí yín pè. Títún ìyẹn tẹ̀ kò ná yín tó ìdá kan nínú owó oṣù ọmọ náà. Ẹ kọ ọ́ sí i pẹ̀lú pé kí wọ́n fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù, torí tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ pa pọ̀ lórí WhatsApp, àwọn tó ti fi yín pamọ́ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àkójọ kan kì í sì í ju èèyàn 256 lọ.

Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá dé lọ́la láti Kútọnú tó fẹ́ máa kó ọṣẹ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí ẹ ti ní ìkòkò kejì àti ẹni méjì tó ń rò ó, ẹ pè mí. A ó tún ọ̀rọ̀ 60 000 yẹn sọ, mo sì lè jẹ́ ẹni tí yóò ní kí ẹ gbà.

Ọ̀kan kù tí n kò lè bá yín dá sí. Ọmọ náà ní òun á ju ìpolówó sọdá bodè, kí àwọn ará Mẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta máa rà á. Èdè kan náà là ń sọ, ọjà á yá. Ṣùgbọ́n náírà ni wọ́n á máa fi sanwó, ẹ sì mọ bí náírà ṣe ń ṣe. Ẹ bi bàbá àwọn ìbejì kí wọ́n dá sí i, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí mi kí Táyé tó wá gba bébà tuntun lọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Èmi àbúrò yín ní Àjàṣẹ́